Irú ìlú wo ni Thamesmead?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilé háyà sí Yarnton Way, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jọ̀ọ́, irú ibo nìyẹn? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, mà. Thamesmead ni, ní gúúsù odò Thames. Ilẹ̀ àbàtà ni tẹ́lẹ̀. Ọdún 1968 ni àwọn ará ilé àkọ́kọ́ kó wọlé. Nítorí omíyalé ọdún 1953, àwọn tó kọ́ ọ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nísàlẹ̀. Gáréèjì ni wọ́n fi sísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé àkọ́kọ́, wọ́n sì la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sókè láti ilé dé ilé. Lóòótọ́, kọ́ńkéré pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ adágún Southmere kò jìnnà rárá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ẹ má jáyà pé yóò dá wà: àwọn ará wa pọ̀ níbẹ̀, àtèlùbọ́ àti ẹ̀gúsí kò ní wọ́n ọn. Láti 2022 ni ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ti ń gbéra ní Abbey Wood, nítòsí ibẹ̀, lọ sáàárín Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun kan ṣoṣo: wọ́n ń wó àwọn ilé kan láti tún wọn kọ́. Kó bèèrè lọ́wọ́ onílé bóyá tirẹ̀ wà nínú wọn, kó tó tọwọ́ bọ̀wé.