Oúnjẹ Tí Ó Yẹ Ẹmọ́ Òyìnbó: Ewé Tútù Ni Ààbò Rẹ̀

Ẹmọ́ òyìnbó, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní guinea pig, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹran kéékèèké tí ó rọrùn láti sìn nínú ilé. Ẹran pẹ̀lẹ́ ni, kì í gba àyè púpọ̀, àwọn ọmọdé sì máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, olùtọ́jú lè máa fún un ní oúnjẹ àjẹyó lójoojúmọ́, kí ẹran náà sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ohun kan ṣoṣo kò sí nínú oúnjẹ náà. Ohun náà ni fítámì C. Fún àwọn tí ń gbé ní ìlú Jos, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ohun tí yóò yanjú ìṣòro yìí wà ní ọjà wọn.

Ibi tí ẹran náà ti wá

Bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ mú Guinea lọ́wọ́, kì í ṣe ẹran ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ bíi Peru àti Bolivia, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Koríko àti ewé tútù ni oúnjẹ rẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ni ara rẹ̀ kò fi mọ̀ nípa ìgbé ayé tí kò sí ewé nínú rẹ̀.

Ohun tí ara rẹ̀ kò lè ṣe

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹran, títí kan ajá, ehoro àti eku, ni ó ń ṣe fítámì C fúnra wọn nínú ara wọn. Ẹmọ́ òyìnbó kò lè ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ènìyàn náà kò ṣe lè ṣe é. Inú oúnjẹ nìkan ni àwọn méjèèjì ti ń rí i.

Ní ọdún 1907, àwọn onímọ̀ ìṣègùn méjì ní ilẹ̀ Norway, Axel Holst àti Theodor Frølich, fún àwọn ẹmọ́ òyìnbó ní ọkà àti búrẹ́dì nìkan. Àwọn ẹran náà ní àrùn scurvy, àrùn kan náà tí ó ti pa àìmọye atukọ̀ ojú omi tí wọn kò rí èso tàbí ewé jẹ fún oṣù púpọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ewé tútù bíi kábéèjì kún oúnjẹ wọn, àrùn náà kò bá wọn mọ́. Ìwádìí yìí wà lára ohun tí ó ṣí ọ̀nà fún àwọn onímọ̀ láti mọ fítámì C. Ní ọdún 1937, Albert Szent-Györgyi, ọmọ ilẹ̀ Hungary, gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ tí ó kan fítámì náà. Ata ni ó ti rí i fà yọ lọ́pọ̀ yanturu.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò nira. Ẹni tí ó bá ń fún ẹmọ́ òyìnbó ní àgbàdo, èèrí ọkà, búrẹ́dì tàbí oúnjẹ adìyẹ nìkan ń tún ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún 1907 ṣe láìmọ̀. Oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún ehoro pàápàá kò tó, nítorí pé ehoro kò nílò kí a fi fítámì C sí oúnjẹ rẹ̀.

Koríko ni ìpìlẹ̀

Koríko ni ó yẹ kí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ẹmọ́ òyìnbó, yálà tútù tàbí gbígbẹ, kí ó sì wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ìdí méjì ni ó fà á. Èkíní, eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun gígùn. Jíjẹ koríko ni ó ń bá a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí eyín bá gùn kọjá ààlà, ẹran náà kò ní lè jẹun mọ́. Èkejì, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ṣàǹfààní inú ìfun rẹ̀ ni ó ń bá a da oúnjẹ, okun inú koríko ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́.

Ní Jos, òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, koríko tútù sì máa ń pọ̀ ní àkókò náà. Ó yẹ kí olùtọ́jú gé díẹ̀, kí ó sá a sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ de ìgbà ọyẹ́. Koríko tí ó bu tàbí tí ó ń rùn kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a gé ní ẹ̀gbẹ́ títì tàbí níbi tí wọ́n ti fọ́n oògùn apakòkòrò.

Ẹ̀fọ́ inú ọjà Jos

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko máa ń gbẹ gan-an ni àwọn àgbẹ̀ Plateau ń bomi rin oko ẹ̀fọ́ wọn, nígbà mìíràn láti inú àwọn ihò ìwakùsà àtijọ́ tí ó ti di adágún. Nítorí náà, ẹni tí kò rí koríko tútù lè rí ẹ̀fọ́ ní ọjà bíi Farin Gada.

Ẹmọ́ òyìnbó nílò mílígíráàmù fítámì C 10 sí 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀ lóòjọ́. Èyí tí ó lóyún nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ata ńlá tí kì í ta, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní green pepper, ni ó dára jù fún èyí. Gíráàmù 100 rẹ̀ ní nǹkan bí mílígíráàmù 80. Ìdá mẹ́rin ata kan lè tó ẹran kan fún ọjọ́ kan. Gúáfà pọ̀ ní fítámì náà ju ọsàn lọ, ṣùgbọ́n ó ní ṣúgà, nítorí náà díẹ̀ ni kí a máa fún un. Kábéèjì dára níwọ̀nba. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè mú kí inú rẹ̀ wú. Kárọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé kò ní ju nǹkan bí mílígíráàmù 6 nínú gíráàmù 100 lọ. Ìpanu ni, kò lè rọ́pò ata. Ife ẹ̀fọ́ kan lójúmọ́ tó fún ẹran kan. Kí a fọ̀ ọ́ dáadáa kí a tó gbé e fún un, kí a sì kó ìyókù rẹ̀ kúrò kí ó tó jẹrà.

Bí a bá ń fi fítámì C sínú omi rẹ̀, agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Inú ewé àti èso ni ó sàn jù kí ó ti rí i.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ

Ewé ọ̀dùnkún kò léwu, ṣùgbọ́n ewé pòtétò, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní dankalin Turawa, ní májèlé nínú. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní Plateau, níbi tí wọ́n ti ń gbin pòtétò púpọ̀. Pòtétò tí ara rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé tàbí tí ó ti hù léwu bákan náà. Àlùbọ́sà, aáyù, píà, ẹran, wàrà àti ohun dídùn kò yẹ ẹ́.

Àwọn àmì tí ó yẹ kí a ṣọ́

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí fítámì C bá dín nínú ara rẹ̀, àmì lè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì: kò ní fẹ́ rìn, oríkèé rẹ̀ yóò wú, yóò sì máa dùn ún, irun rẹ̀ yóò le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa yọ ní èrìgì rẹ̀. Bí kò bá jẹun fún wákàtí 12 sí 24, kí a tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un ní ampicillin, amoxicillin tàbí penicillin tí a rà fún ènìyàn. Àwọn oògùn wọ̀nyí ń pa àwọn kòkòrò tó ṣàǹfààní inú ìfun rẹ̀, èyí sì lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ̀fọ́ tí ó ń dá ẹ̀mí ẹran yìí sí wúlò fún ará ilé pẹ̀lú, nítorí pé ara ènìyàn náà kò lè ṣe fítámì C. Bí a bá ra ata àti kábéèjì bọ̀ láti ọjà, kí a bu ti ẹran sílẹ̀, kí ìdílé náà sì jẹ tiwọn.