Ìgbà Ìwọ́wé ní Ìlú Ọba: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Òbí

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé wa yìí ni ó ní ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ-ọmọ ní Ìlú Ọba; àwọn mìíràn sì ń kà á níbẹ̀ gan-an. Àwọn ni a kọ ẹ̀kọ́ oṣù yìí fún. Láti oṣù September títí wọ inú November ni igi ń wọ́wé ní ilẹ̀ náà, tí òtútù sì ń dé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò fẹ́ràn àkókò yìí. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọn a ti ilẹ̀kùn; bí ọmọ bá bẹ̀bẹ̀ pé kí a mú òun jáde, wọn a ní kò sí owó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn nínú ìgbà yìí kò gba owó. Ìdí igi òpópó ni ó wà, níbi tí ẹsẹ̀ lè gbé ni dé.

Ọmọ yóò béèrè ohun tí ó mú kí ewé yí àwọ̀ padà. Nígbà tí ọjọ́ bá ń kúrú, igi a máa fa ohun rere inú ewé rẹ̀ padà sínú ara rẹ̀, àwọ̀ tútù ewé náà a sì parẹ́. Nígbà náà ni àwọ̀ ìyeyè yóò hàn. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọ̀ tútù ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó ti rí igi àràbà níhòòhò nígbà ọyẹ́ nílé wa mọ irú nǹkan yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀dá omi ni àràbà ń sá fún, ọjọ́ kúkúrú àti òtútù ni ti igi Ìlú Ọba. Kí ọmọ ṣa ewé oríṣiríṣi, kí ó tẹ̀ wọ́n sí àárín ìwé ńlá fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí ó ti ń ṣà wọ́n, kí ìyá máa pe àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un ní èdè wa. Ẹ̀kọ́ kì í tètè sú ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Èso igi horse chestnut, tí wọ́n ń pè ní conker, a máa dán bí ẹni pé a fi òróró pa á. Àwọn ọmọ a lu ihò sí i, wọn a fi okùn kọ́ ọ, wọn a sì máa fi tẹnìkan na tẹnìkejì títí ọ̀kan yóò fi fọ́. Baba tí ó ta òkòtó nígbà èwe rẹ̀ kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe jíjẹ o.

Èso blackberry ni ti jíjẹ. Ẹ̀bá ọ̀nà ni ó ń so sí. Òfin olè jíjà ti ọdún 1968, ní England àti Wales, kò ka ẹni tí ó já èso ìgbẹ́ sí olè, bí kì í bá ṣe fún títà. Ṣùgbọ́n àwọn ọgbà kan ní òfin tiwọn, bíi Richmond Park, níbi tí a kò gbọ́dọ̀ já ohunkóhun. Kí a já èyí tí ó ga ju ìbàdí lọ, nítorí àwọn ajá tí ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà ilẹ̀ náà a máa wí pé lẹ́yìn ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́, 29 September, Sátánì ti tutọ́ sí i. Àwa rò pé òjò àti ìbu ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa gbé wúwo nìyí. Ìyá tí ó dàgbà ní oko mọ olú, ó sì mọ adùn rẹ̀ nínú ọbẹ̀. Bí ó bá rí olú ní abẹ́ igi óákù ní October, ọkàn rẹ̀ lè fà sí i. Kí ó fi í sílẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní death cap, tí orí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tí ó ti ṣá. Sísè kò pa oró rẹ̀, kò sì korò tí ìbá fi kìlọ̀ fún ahọ́n. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ lè má mọ nǹkan kan fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru yóò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè dáwọ́ dúró, kí ará ilé rò pé ó ti tán, nígbà tí ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́ lọ nínú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ ẹ́, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí a má dúró de ààmì kankan, kí a sì mú ìyókù olú náà dání. Ìmọ̀ olú tí a kọ́ ní oko Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì kò bá olú ibẹ̀ mu.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn nínú October ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Láti ọjọ́ náà, oòrùn London a wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù. Nítorí náà ni a fi ń rọ̀ yín, ẹ̀yin òbí, pé kí ẹ ya Ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì tàbí mẹ́ta sọ́tọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Kí a má sì fi ìyá àgbà tí a mú ti ilé wá tọ́jú ọmọ sílẹ̀ nínú yàrá. Kí a wọ aṣọ òtútù fún un àti bàtà tí kì í yọ̀, nítorí ewé tí òjò pa a máa yọ̀ púpọ̀, kí ọmọ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí kò bá lè rìn jìnnà, kí a ra sweet chestnut ní ọjà, èyí tí ó jọ conker ṣùgbọ́n tí ó ṣe é jẹ, kí ó bá wọn sun ún. Kí a fi ọ̀bẹ là á lára kí ó tó wọ inú ààrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bú gbàmù. Gbígbóná ni a ń bó o, nítorí bí ó bá tutù, èèpo inú kì í fẹ́ kúrò mọ́. Ìyá àgbà tí ó ti ń sun iṣu láti ìgbà èwe rẹ̀ kì í bẹ̀rù iná. Òun ni kí ó kọ́ wọn bí a ti ń bó o.