A Kì Í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Síbẹ̀, ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe gan-an nìyẹn. Á ra ìpara làpálàpá lọ́jà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́ nítorí ìgúnpá tó ń bó ìpẹ́, á tún yà sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì ra oògùn ara ríro nítorí ìka tó wú. Ó rò pé àrùn méjì ló ń bá òun jà. Ọ̀kan ṣoṣo ni.

Psoriatic arthritis ni àwọn dókítà ń pè é. Ohun tó ń gbèjà ara lọ́wọ́ àìsàn ló yíjú padà tó ń bá awọ àti oríkèé jà. Nínú ẹni 10 tó ní psoriasis, ìyẹn àìsàn awọ náà, ó lè tó 3 tí oríkèé yóò dà láàmú, awọ ló sì sábà máa ń ṣáájú. Lára ènìyàn dúdú, ojú ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n bíi ti òyìnbó. Ó máa ń dúdú tàbí kó rí bí elése àlùkò, ìpẹ́ rẹ̀ á dà bí eérú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣì í mú fún làpálàpá tàbí ẹ̀tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ máa ń mú kí ojú ibẹ̀ kú tipiri. Psoriasis máa ń yún ni. Kì í ràn rárá, ẹ bá aláìsàn jẹun.

Kí aláìsàn wo èékánná rẹ̀, bóyá ó ní ihò wínníwínní tàbí ó ń ṣí kúrò lára ìka. Ṣé ìka kan wú látòkè délẹ̀? Ṣé gìgísẹ̀ ń ro ó? Ṣé oríkèé máa ń gan ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láàárọ̀? Kó sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún dókítà. Ẹlòmíràn á na ọwọ́ tó wú sí dókítà, á sì fi apá bùbá bo ìgúnpá tó yẹ kí wọ́n rí.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907 ti di ti Yunifásítì Bowen. Ilé ìwòsàn Yunifásítì LAUTECH náà wà níbẹ̀. Bí ó bá gba onímọ̀ oríkèé, wọ́n lè kọ̀wé sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn.

Ibuprofen àti diclofenac ń dín ìrora kù, wọn kì í dá ìbàjẹ́ oríkèé dúró. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn kíndìnrín kò gbọdọ̀ dá wọn lò. Prednisolone léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí wọ́n bá ṣàdédé dá a dúró, awọ lè bú jáde burúkú. Methotrexate, tí dókítà sábà máa ń kọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Lílò ó lójoojúmọ́ lè pa ènìyàn. Kò bá ọtí rẹ́, àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ ńkọ́? Òun náà ni. Aboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ: ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí ipa rẹ̀ tó hàn, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ní ti iṣẹ́, ẹni tó ń fín igbá l'Ọ̀yọ́ kò ní láti pa á tì. Kó fi àkísà wé èèkù ọ̀bẹ rẹ̀ kó nípọn, nítorí ìka tó há mọ́ èèkù tínínrín ló ń tètè ro. Kó máa sinmi kí ìrora tó dé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára fún oríkèé tó gan láàárọ̀, yìnyín tí a fi aṣọ wé sì dára fún èyí tó wú tó gbóná. Lásìkò ọyẹ́, kó fi òrí para lẹ́yìn ìwẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ará ilé gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀.