Ẹ Má Fi Nọ́ńbà Pamọ́ fún Dókítà

Ẹ̀kọ́ ìlera wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, àìsàn méjì tí a kì í lo oògùn wọn lẹ́ẹ̀kan kí a sọ pé ó tán. Ojoojúmọ́ ni a ń lò ó, ó sì yẹ kí a máa ṣọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Yálà Ìgàndò ni a ń gbé tàbí Ẹgbẹ́dá, kí a tó bọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kí a tó gba káàdì, kó tó kàn wá lọ́dọ̀ dókítà, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ń fo ọjọ́ tí dókítà dá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà ní 2001, ọ̀nà mìíràn ti ń là díẹ̀díẹ̀. Ní 2020, nígbà kòrónà, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá EKOTELEMED sílẹ̀, kí ará ìlú lè bá dókítà sọ̀rọ̀ láti ilé. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, NHS ní ilẹ̀ Íńgílándì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀rọ ìfúnpá fún àwọn aláìsàn, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n nílé, kí wọ́n sì máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Nínú ẹgbẹ́ wa náà, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ti fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ìyá, àwọn mìíràn sì ní dókítà tó ń gba nọ́ńbà wọn lórí WhatsApp.

Ìyá kan nínú wa, tó ń ta aṣọ lọ́jà Ìkọ̀tún, gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. (Òun ló ní ká sọ ọ́, ká má ṣáà dárúkọ òun.) Bí nọ́ńbà bá ga, yóò tún un wọ̀n, yóò tún un wọ̀n, títí èyí tó kéré yóò fi jáde. Èyí tó kéré yẹn nìkan ni yóò kọ, òun ni yóò sì kà fún dókítà lórí fóònù. Dókítà rò pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Kò fi kún un, kò pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, bó ti ń dáná láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì ṣeé gbé mọ́. Ní ilé ìwòsàn, dókítà tẹ bọ́tìnì tó ń fi nọ́ńbà àtẹ̀yìnwá hàn lára ẹ̀rọ náà. Gbogbo èyí tí màmá kò kọ ló wà níbẹ̀: 168, 174, 171. Ọpẹ́ ni pé ó wà láàyè, ṣùgbọ́n títí di òní, ẹlòmíràn ló ń bá a ká aṣọ.

Àwa náà jẹ̀bi. Oṣooṣù ni màmá ń dìde nínú ìpàdé wa láti jẹ́rìí pé ìfúnpá òun ti wálẹ̀, àwa a sì pariwo halelúyà. Lẹ́yìn irú ariwo bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dìde sọ pé tòun gòkè? A ti pinnu pé a kò ní máa ka nọ́ńbà sókè nínú ìpàdé mọ́.

Bí a ó ti ṣe é nìyí. Ká tọ̀ kí a tó jókòó. Ká má jẹ obì, ká má mu tíì tàbí kọfí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú (obì náà wà níbẹ̀, ẹ má bínú sí wa). Ká jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ká fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Ara apá gan-an ni a ń wé e mọ́, kì í ṣe orí bùbá. Ká má sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan láàárín, fún ọjọ́ 7. Ká kọ gbogbo rẹ̀, tòun ti ọjọ́ àti aago. Dókítà ni yóò ṣírò rẹ̀, kì í ṣe àwa ni yóò yan èyí tó dára. Bí èyí tí a wọ̀n nílé bá ń jẹ́ 135 lórí 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ga. Ẹ̀rọ òkè apá ṣeé gbára lé ju ti ọrùn ọwọ́ lọ. Ẹni tí apá rẹ̀ tóbi, kó ra èyí tí aṣọ rẹ̀ tóbi, torí èyí tó bá fún jù máa ń gbé nọ́ńbà sókè.

Ẹni tó ń wo ṣúgà, kó fọ ọwọ́, kó sì nù ún gbẹ kó tó gún ìka. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn tàbí tó jẹ máńgòrò, omi èso tó wà níka lè mú kí ẹ̀rọ parọ́ mọ́ ọn.

Bí nọ́ńbà bá dára, oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ká má dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Fóònù kò lè gbọ́ bí àyà wa ti ń lù, kò lè yẹ ojú àti kíndìnrín wò, nítorí náà a ṣì gbọ́dọ̀ máa lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá. Bó bá sì jẹ́ 180 lórí 120, tí àyà ń dunni tàbí tí èémí ń ṣòro, ká má dúró lórí fóònù, ká gbé onítọ̀hún lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹnu wíwọ́ tàbí ọwọ́ tó ṣàdédé rọ kò tilẹ̀ nílò pé ká wọn nọ́ńbà kankan kí a tó gbéra.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, arábìnrin wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì yóò gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá ní, kó mú tirẹ̀ àti ìwé tó ń kọ ọ́ sí dání, ká lè fi ẹ̀rọ méjèèjì wéra. Nọ́ọ̀sì nìkan ni yóò wo ìwé náà.