Kó O Tó Náwó Lé Katakata Àtijọ́ Yẹn

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ti ra katakata kékeré kan, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi ń gé koríko àyíká ilé wọn láti nǹkan bí ọdún 1960, àti pé ọkọ rẹ ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé akúrẹtẹ̀ lo gbé wálé. Jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ éékà kan lẹ́yìn ilé ní Georgia tàbí Maryland mọ iye tí àwọn agékoríko ń gbà, ó sì mọ iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ tuntun. Irin gidi ni wọ́n fi ṣe tìrẹ yìí, kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, ohun tó bá ń ṣe é kì í jìnnà sí ojú àti ọwọ́. Ohun tí mo kàn fẹ́ ni pé kó o mọ ohun tó ń ṣe é ná, kó o tó ra ohunkóhun sí i. Ẹni tó bá ń ra pátì nígbà tí kò tíì mọ àìsàn ẹ̀rọ rẹ̀, olùtajà nìkan ló ń ṣe lóore.

Wo àwọ̀ rẹ̀. Bó bá pupa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Wheel Horse, tí ìdílé Pond bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní South Bend, ní ìpínlẹ̀ Indiana, lọ́dún 1946, tí Toro sì wá rà lọ́dún 1986. Bó bá jẹ́ yẹ́lò àti funfun, Cub Cadet ni, tí International Harvester gbé jáde lọ́dún 1961. Àwọ̀ ewé àti yẹ́lò ni ti John Deere, tó gbé 110 tirẹ̀ dé lọ́dún 1963. Ṣùgbọ́n má wulẹ̀ jẹ́ kí orúkọ ara bọ́nẹ́ẹ̀tì gbà ọ́ lọ́kàn. Ẹ́ńjìnnì ni kó o mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, Kohler ló wà níbẹ̀: K181 tó ní agbára ẹṣin 8, K241 tó ní 10, tàbí K301 tó ní 12. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ìbòrí ẹ́ńjìnnì náà. Nu ibẹ̀ dáadáa, kó o fi fóònù ya fọ́tò nọ́ńbà méjèèjì, ti modẹ́ẹ̀lì àti èyí tí wọ́n ń pè ní spec. Bí kò bá sí ìkejì yẹn, gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa tà fún ọ lè má bá a mu.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni màá jókòó tì, torí ibẹ̀ ni àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ti ń kú. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó o fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní pọ́ọ̀ǹpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbi gbogbo. Kohler kékeré yìí kò ní in. Irin ṣóńṣó kan ló yọ nísàlẹ̀ ọ̀pá tó so písítìnnì mọ́ kírankí. Bí ọ̀pá náà bá ṣe ń yí, orí irin yẹn á máa bọ ọ́ìlì, á máa ta á sára gbogbo ohun tó wà nínú. Bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀ jù, tàbí tó o bá ń gé koríko lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dagun jù, irin náà kò ní kan ọ́ìlì mọ́. Alumíníọ́ọ̀mù sì ni ọ̀pá ọ̀hún. Kò ní pẹ́ tí á fi lẹ̀ mọ́ kírankí, tí á ṣẹ́, nígbà mìíràn á tiẹ̀ dá ihò sára ẹ́ńjìnnì jáde. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa nílé ń pè ní nọ́ọ̀kì nìyẹn, ẹ̀yin náà sì mọ iye tó ń náni.

Nítorí náà, nígbàkígbà tó o bá fẹ́ tan án, gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, fa irin ìwọ̀n ọ́ìlì jáde, nù ún, tì í bọ̀ ọ́, tún fà á jáde, kó o wò ó. Nígbàkígbà ni mo wí, kì í ṣe ọjọ́ tó o bá rántí. Wákàtí iṣẹ́ 25 ni Kohler ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà, SAE 30 sì ni ti ìgbà ooru. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kó o dà á, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde. Kó o tó gbé èyí tó o dà jáde lọ, fi ìka kan án, kó o gbé ìka náà sínú oòrùn. Bó o bá rí ohun tó ń dán wínníwínní, irin ti ń jẹ irin nínú. Má tan án mọ́ títí ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi wò ó.

Bó bá kọ̀ tí kò tan ńkọ́? Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta kábúrétọ̀ tuntun fún ọ lọ́jọ́ yẹn. Epo ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Epo pẹtiróòlù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lónìí sábà máa ń ní ethanol nínú, tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ethanol yìí ń fa omi mọ́ra, ó sì ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Epo tó ti sùn sínú táǹkì láti ọdún tó kọjá á máa rùn bíi fánísì. Fà á jáde sínú kẹ́ẹ̀gì, má dà á sílẹ̀, gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba irú rẹ̀ ní àdúgbò yín. Pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé epo wá. Lẹ́yìn náà, tú abọ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀, fọ ẹrẹ̀ tó bá wà níbẹ̀, kó o fín oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ sínú àwọn ihò rẹ̀. Má fi wáyà líle gún wọn o. Ihò yẹn ló ń wọn epo. Bó bá fẹ̀ sí i ju bó ṣe wà lọ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn epo ló kan iná, ibí yìí sì ni Kohler ti ṣe wá lóore. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré àtijọ́, abẹ́ fláíwíìlì ni wọ́n fi kọ́ńtáàtì pa mọ́ sí, àfi kó o tú gbogbo ẹ̀. Ti àwọn Kohler K wọ̀nyí wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ ìdérí kékeré kan. Ṣí i, wàá rí irin wẹ́wẹ́ méjì tó ń pàdé, tó ń pínyà. Bí ojú wọn bá ti dúdú, iná ò ní kọjá. Mú ọ̀kan nínú àwọn káàdì ìpè òde tó kún inú dúrọ́ọ̀ rẹ, èyí tí wọn ò fi góòlù kùn, tì í bọ àárín irin méjèèjì, kó o fà á jáde. Ilà dúdú á yọ lára rẹ̀. Máa fà á bẹ́ẹ̀ títí ilà náà á fi tán. Wá fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí àwọn irin méjèèjì á fi jìnnà síra jù lọ, kó o fi irin ìwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọn àlàfo wọn: íǹṣì 0.020 ló yẹ kó jẹ́. Ti púlọ́ọ̀gì jẹ́ 0.035. Wọ́n á ní kó o yọ kọ́ńtáàtì sọnù, kó o fi ti ìgbàlódé sí i. Èmi ò rí ìdí ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí káàdì òde bá ti lè tún un ṣe.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fà nílẹ̀ dípò kó yí, má tíì ra bátìrì. Lára Cub Cadet àkọ́kọ́ àti John Deere 110, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí bẹ́líìtì so mọ́ ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe iṣẹ́ méjì: òun ló ń yí i kó lè tan, bó bá sì ti tan, òun náà ló ń ṣáàjì bátìrì. Bẹ́líìtì tó dẹ̀ á jẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀rọ náà ti kú. Wáyà tó wọ ara irin katakata náà ńkọ́? Tú u, fi sáńpépà ha orí rẹ̀ àti ibi tó jókòó lé títí irin á fi dán. Wáyà ìyọkúrò lórí bátìrì ni kó o máa kọ́kọ́ yọ, òun náà ni kó o máa so kẹ́yìn.

Ọ̀dà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó ń wù ọ́. Ẹni tó ń kùn ún nígbà tí kò tíì tan dáadáa ń wé gèlè fún ẹni tí kò tíì wẹ̀. Ọ̀dà á bo ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, á bo ibi tí irin ti sán. Àwọn tó ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ pàápàá fẹ́ràn ọ̀dà ilé iṣẹ́, bó tilẹ̀ ti ṣá.

Bóòtù tó bá ti dípẹtà, fín ọ́ìlì sí i lálẹ́, kó o padà wá láàárọ̀. Bó o bá fi agbára já orí rẹ̀, iṣẹ́ kékeré ti di ńlá nìyẹn. Ya fọ́tò kó o tó tú ohunkóhun, kó o kó bóòtù ibì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kó o kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára.

Ìró àti bùbá ò bá bẹ́líìtì ṣeré. Ṣòkòtò tó fún mọ́ra ni kó o wọ̀, kó o di irun rẹ sókè, pàápàá bó bá jẹ́ pé àtàsímẹ́ǹtì lo ṣe. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni tàwọn èékánná yẹn. Bí gírísì bá ṣì dé ọwọ́, po ṣúgà àti òróró díẹ̀, fi ra á kó o tó lo ọṣẹ. Fa wáyà púlọ́ọ̀gì kúrò kó o tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ibi tí abẹ ìgékoríko wà. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí kò ní ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó jókòó lórí wọn bá já bọ́, torí náà má gbé ọmọ lé e, bó ti wù kó sunkún tó. Má sì tan án nínú gáréèjì tó wà ní títì. Gáàsì olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tó ń pa ènìyàn, gáàsì náà kò sì ní òórùn tí wàá fi mọ̀.

Nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, pààrọ̀ ọ́ìlì kó o tó gbé e sílé. Èyí tó ti dúdú kò yẹ kó sùn sínú rẹ̀ láti oṣù kọkànlá. Jẹ́ kó jó epo inú kábúrétọ̀ tán. Yọ bátìrì wọlé. Eku fẹ́ràn abẹ́ ìbòrí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lára ẹ́ńjìnnì, bí ìtẹ́ wọn bá sì dí ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà láìjẹ́ pé o mọ̀. Tú ìbòrí náà nígbà tí òtútù bá lọ, kó o gbá koríko gbígbẹ kúrò láàárín àwọn ìyẹ́ irin tó yí sílíńdà ká, kó o tó tan án.