Ẹ yẹ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín wò dáadáa kí ẹ tó ra àgádágodo tuntun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn oníṣòwò kéékèèké gbọ̀ngbọ̀n, pàápàá àwọn tó ń ta fóònù, aṣọ, oògùn àti ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé gbogbo owó tí wọ́n ní, àtèyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, inú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà. Bí olè bá kó ọjà náà lọ lóru, kò ní í kó gbèsè mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní ọjà inú ṣọ́ọ̀bù yín tó ₦2,000,000, tí ẹ sì ń jèrè ₦10 lórí ọjà ₦100 tí ẹ bá tà. Bí olè bá kó ìdajì ọjà náà, ìyẹn ₦1,000,000, ẹ gbọ́dọ̀ ta ọjà ₦10,000,000 kí èrè yín tó lè dí ihò yẹn. Ìdí nìyí tí owó tí a ná sórí ilẹ̀kùn fi jẹ́ ara owó òwò.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé olè ja ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò wọn, ni pé wọ́n á sáré lọ ra àgádágodo tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan kò tó. Olè kì í bá àgádágodo ńlá wọ̀yá ìjà nígbà tí ibòmíràn bá wà tó rọ̀ jù ú lọ. Ibi tó bá rọ̀ jù ni yóò gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí owó yín kọ́kọ́ lọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Lálẹ́ òní, bí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù tán, ẹ dúró síta kí ẹ wo ilẹ̀kùn yín bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ jà á.

Ohun àkọ́kọ́ ni férémù. Ẹ tì í, ẹ fà á. Bó bá ń mì, ewu wà níbẹ̀. Férémù onírin gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ tó wọ inú ògiri, tí wọ́n sì fi kọnkéré dì í. Bó bá jẹ́ pé sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ mọ́ bíríkì, olè lè fi ọ̀pá irin hú ilẹ̀kùn àti férémù pọ̀, kí àgádágodo yín ṣì wà ní títì lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn pákó, ẹ wo awẹ́ irin kékeré tó wà lára férémù, níbi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ sí. Súkúrù kúkúrú ló sábà máa ń wà níbẹ̀, pákó nìkan ló sì dì mú. Ẹ ní kí kápẹ́ńtà pààrọ̀ wọn sí onííǹṣì 3, kí wọ́n lè gba inú pákó dé inú ògiri. Àtúnṣe yìí kò gbówó lórí rárá, agbára tó sì ń fún ilẹ̀kùn kì í ṣe kékeré.

Ohun kejì ni hínjì, ìyẹn irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù. Bí ilẹ̀kùn yín bá ń ṣí síta, ìta náà ni hínjì máa wà, olè sì lè fi òòlù gbá ọ̀pá àárín rẹ̀ jáde. Ẹ ní kí wẹ́dà jó orí àti ìdí ọ̀pá náà pa. Kó sì tún jó ẹyín irin méjì mọ́ ilẹ̀kùn ní ẹ̀gbẹ́ hínjì, kí ó máa wọ ihò lára férémù bí ẹ bá ti tì í. Pẹ̀lú ìyẹn, bí wọ́n bá tiẹ̀ yọ hínjì, ilẹ̀kùn kò ní í ṣí.

Ohun kẹta ni etí irin tí àgádágodo ń kọ́. Bó bá jẹ́ súkúrù ni wọ́n fi kàn án, tí orí súkúrù náà sì hàn síta, sukurudáfà lásán ti tó olè. Lára ilẹ̀kùn onírin, kí wọ́n jó o mọ́ ọn yíká. Lára ti pákó, kí wọ́n lo bóòtù tó gba inú ilẹ̀kùn kọjá, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú ilé.

Ẹ má gbàgbé fèrèsé ẹ̀yìn àti òrùlé. Ilẹ̀kùn líle kò wúlò bí síìlì bá jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gba orí páànù bọ́ sí.

Irú àgádágodo tó yẹ kí ẹ rà

Ìwọ̀n àgádágodo kọ́ ló ń sọ agbára rẹ̀. Ẹ wo ọrùn rẹ̀, ìyẹn irin tó tẹ̀ kọrọdọ lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ irin líle tí wọ́n fi iná sè, wọ́n sábà máa ń kọ “HARDENED” sí i lára. Kí ọrùn náà nípọn, kó má sì gùn, torí bí ọrùn bá ṣe hàn síta tó ni ẹ̀mú ńlá tí wọ́n fi ń gé irin ṣe ń ráyè bù ú jẹ tó. Èyí tó dára jù ni kí wẹ́dà fi irin tó nípọn ṣe àpótí kékeré bo ojú àgádágodo, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ tó mú kọ́kọ́rọ́ nìkan ló máa rí àyè wọlé láti ìsàlẹ̀.

Ní ti ìpáta, àgádágodo onídẹ kì í dípáta bí onírin, nítorí náà ó dára fún ibi tí òjò ti ń pa á. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń há, ẹ má da òróró ìsebẹ̀ sí i, torí eruku ọyẹ́ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì dì pa. Ẹ lọ dúdú inú pẹ́ńsù kúnná, kí ẹ fi pa ọmọ kọ́kọ́rọ́ lára, kí ẹ sì tì í bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan.

Kọ́kọ́rọ́ inú ilẹ̀kùn

Àgádágodo kan kò gbọ́dọ̀ dá gbogbo ẹrù gbé. Bí ẹ bá lè fi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń rì sínú ilẹ̀kùn kún un, iṣẹ́ olè yóò di méjì. Kí irin tó ń yọ jáde lára rẹ̀ tó mílímítà 20 ó kéré tán. Bó bá tó 25, ó tún sàn sí i. Bó bá jẹ́ oní-lévà, ẹ ra lévà 5, ẹ fi lévà 2 tàbí 3 sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn yàrá.

Irú kejì ni onísílíńdà, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ará Amẹ́ríkà kan, Linus Yale Kékeré, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1861, ṣùgbọ́n àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń fi igi ṣe ohun tó jọ ọ́ tipẹ́tipẹ́. Àwọn ọ̀pá kéékèèké tó jókòó sórí sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀. Eyín kọ́kọ́rọ́ tó bá yẹ ló máa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ìwọ̀n rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ tó lè yí. Sílíńdà yìí kò gbọ́dọ̀ yọ síta ilẹ̀kùn ju mílímítà 3 lọ, torí bó bá yọ jù bẹ́ẹ̀, olè lè fi ẹ̀mú dá a sí méjì láti àárín.

Bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ sílíńdà fúnra yín

Bí kọ́kọ́rọ́ kan bá sọnù, kò dìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ tú súkúrù gígùn tó wà ní etí ilẹ̀kùn, ní ìbú sílíńdà. Ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á, yóò sì yọ. Ẹ wọn ọ̀n láti àárín ihò súkúrù dé orí kọ̀ọ̀kan, fún àpẹẹrẹ mílímítà 30 sí inú àti 40 sí ìta, kí ẹ sì mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Bí ẹ bá ti tuntun bọ̀ ọ́, ẹ fi gbogbo ọmọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dán an wò nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, kí ẹ má baà ti ara yín mọ́ta.

Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Bí ẹ bá gba ṣọ́ọ̀bù tuntun, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó kó ọjà wọlé, torí ayálégbé àná lè ṣì ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ bá onílé sọ ọ́ ṣáájú, kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn pé ta ló máa sanwó rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gba òmìnira tàbí tí akọ̀wé bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ sílíńdà, kódà bó bá dá kọ́kọ́rọ́ padà, torí kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀ láti gé òmíràn.

Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn olè máa ń dá lọ́sàn-án gangan. Bí àgádágodo bá ń fì lẹ́nu ọ̀nà ní ṣíṣí, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi irú rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn rọ́pò. Lálẹ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tì í fún wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ẹ ti àgádágodo padà mọ́ etí irin rẹ̀, tàbí kí ẹ mú un wọlé.

Ẹ má ti èèyàn mọ́nú ilé

Àwọn kan máa ń ní kí ọmọ iṣẹ́ sùn sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì fi àgádágodo tì í láti ìta. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Bí iná bá sọ lóru, ọmọ ọlọ́mọ kò ní í rọ́nà jáde, irin tí ẹ fi dènà olè náà ni yóò sì dènà àwọn tó fẹ́ gbà á là. Ilẹ̀kùn tí èèyàn wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú, láìwá kọ́kọ́rọ́. Lọ́sàn-án tí oníbàárà ń wọlé, ẹ má fi ọjà dí ọ̀nà ẹ̀yìn.

Bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí férémù àti súkúrù, kí hínjì àti etí irin tẹ̀ lé e, kí àgádágodo onírin líle wá kẹ́yìn. Ẹ gba rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ bá rà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó ṣọ́ọ̀bù.