Ìdánwò Ìyàtọ̀ Láàárín Ìdá Méjì: Ìbí Ìbejì Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Bí ìyá kan ní Ilua, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, bá wá sọ pé ìlú tàwọn náà kò kẹ̀rẹ̀, báwo ni a ó ṣe dá ẹjọ́ náà? Bí a bá ka ìbímọ ní ìlú méjèèjì, iye tí a ó rí kò ní ṣàì yàtọ̀ díẹ̀. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: ṣé ìyàtọ̀ gidi ni, àbí èèṣì lásán?

Ìlànà
Ìbímọ tí a kà dà bí ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo tí a bù nínú àpò. A kò ka gbogbo àpò tán. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ gbé àbá àìsí-ìyàtọ̀ kalẹ̀, pé ìdá ìbejì dọ́gba ní ìlú méjèèjì. A ó da iye méjèèjì pọ̀ láti rí ìdá àpapọ̀, p. Lẹ́yìn náà:

z = (p₁ − p₂) ÷ √[p(1 − p)(1/n₁ + 1/n₂)]

Bí z bá ju 1.96 lọ, ìbáà ní àmì ìyọkúrò, a ó kọ àbá náà. Ìdí ni pé bí ìyàtọ̀ kò bá sí, ìgbà 5 péré nínú 100 ni èèṣì lè mú irú rẹ̀ wá.

Ìtúpalẹ̀
Kí a fi àbá lásán ṣe àpẹẹrẹ: ìbejì 20 nínú ìbímọ 400 ní Igbó-Ọrà, 16 nínú 400 ní Ilua. Ìdá wọn jẹ́ 0.05 àti 0.04, p jẹ́ 0.045, z jẹ́ 0.68. Èyí kò tó láti fi dá ìyá Ilua lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Nylander ṣe láti Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé ìbejì láàárín Yorùbá tó nǹkan bí 45 nínú ìbímọ 1000, nígbà tí ti Yúróòpù nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 12. Bí a bá ka 1000 péré níhà kọ̀ọ̀kan, z yóò jẹ́ 4.43. Èèṣì kò lè ṣàlàyé èyí.

Àgbálọgbábọ̀
Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ohun méjì. Àìkọ àbá kò fi hàn pé ìlú méjèèjì dọ́gba. Ó lè jẹ́ pé ohun tí a kà ló kéré. Bákan náà, ìdánwò yìí ń sọ pé ìyàtọ̀ wà, kò sọ ohun tí ó fà á. Bóyá ọbẹ̀ ìlasa ni o, bóyá ìran ni o, ìwádìí mìíràn ni yóò sọ.